Àgbọn Tútù Nínú Ilé Wa: Bí A Ṣe Lè Là Á Láìfi Ìka Ṣòfò

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ìlà eléso bá wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ráyè wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa. Bí ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an ni a ṣe kọ ọ́.

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú òòrùn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró de oníbàárà. Ọjà á tà o, a ò ní tà á ní àdánù. Ìyálọ́jà wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin alága ìlà kọ̀ọ̀kan, Ìyá Akápò, Akọ̀wé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo ní ṣé ẹni tó ń ta àgbọn náà ló yẹ kó wá máa ṣe tíṣà? Ìyálọ́jà ní ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó ti ọjà kan ṣoṣo, tíṣà ni. N kò lè bá wọn jiyàn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n na ọwọ́ òsì mi sókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ wò ó dáadáa. Ṣẹ́ ẹ rí ìka ìfábẹ̀lá yìí? Kì í ká. Bí mo bá di ẹ̀ṣẹ́, òun nìkan ló máa ń nà gbalaja bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Àwọn ọmọ ìlà wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ń ka owó, ó dà bí ìgbà tí mo ń bú èèyàn.

Ní ọdún 1998 ni. Oníbàárà kan dúró sí mi lórí lọ́sàn-án Sátidé, mọ́tò ti ń fọn fèrè, ó ń kánjú. Ó ní kí n bá òun la àgbọn tútù mẹ́ta kí òun mú un lọ sílé. Mo gbé àgbọn sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àdá sókè, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ọkùnrin tó ń ti bárò kiri ń ṣe é. Àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì wọlé. Ìkẹta ni àdá yọ̀ lórí èèpo, torí èèpo àgbọn tútù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tí omi bá kàn án. Kì í ṣe ẹran ìka nìkan ló gé, iṣan tó ń fa ìka ló gé. Wọ́n rán an nílé ìwòsàn, ó sàn, ṣùgbọ́n ìka ò ká mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò fi lè di nǹkan mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí nígbà náà mọ̀ pé àbúrò mi ló bá mi jókòó ti ọjà. Àjọ tí mo ń dá dúró. Owó iléèwé àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló san án. Gbogbo rẹ̀ nítorí àgbọn mẹ́ta, àti pé mọ́tò ń fọn fèrè.

Láti ọjọ́ náà, mo ń ta àgbọn ṣùgbọ́n n kò là á nílé mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àgbọn kún orí àtẹ mi, bí mo bá ń lọ sílé lálẹ́, mínírà ni mo ń rà fún àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ìyá kan ní ìlà aláṣọ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ràn omi àgbọn ju omi lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí oníbárò bá kọjá nìkan lòun ń mu ún, torí kò sí ọkùnrin nílé tó máa bá òun là á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ àgbọn, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni?

Ìyá ọkọ mi ló yọ mí nínú ẹ̀rù yẹn. Ará Àgbádárìgì ni wọ́n, Ẹ̀gùn ni wọ́n, Ọlọ́run ti pè wọ́n sílé báyìí. Etí òkun ni wọ́n dàgbà sí, ní ibi tí igi àgbọn ti pọ̀ ju iye ènìyàn lọ. Agunkẹ ni wọ́n ń pe àgbọn ní èdè wọn. Ìgbà tí wọ́n wá kí wa nílé, wọ́n rí àgbọn tútù méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n là á. Mo na ìka mi sí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló ní kí o bá àgbọn jà? Wá wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní kí n mú òṣùká mi wá. Òṣùká tí mo fi ń ru ẹrù! Ohun tí wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, pẹ̀lú ohun tí èmi náà ti kọ́ kún un lẹ́nu ọjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tí à ń pè ní àgbọn tútù, torí mo ti rí oníbàárà tó bá mi jà pé àgbọn tí mo tà fún òun kò ní ẹran nínú. Láti ìgbà tí òdòdó àgbọn bá ti yọ títí tí èso á fi gbẹ, nǹkan bí oṣù 12 ni. Bí ó bá wọ oṣù 6 sí 7, omi ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ẹran rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ewé. Ìyẹn ni ti mímu. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù 9, ẹran ti nípọn, ẹ ó jẹ ẹ́ ju bí ẹ ó ṣe mu ún lọ. Èyí tó bá gbẹ tán, ti gàrí nìyẹn, ti ìrẹsì alágbọn nìyẹn, kì í ṣe òun là ń sọ lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé e lọ́wọ́, kó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ mì í létí. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti máa ń ṣì í: wọ́n á mì í, wọ́n á gbọ́ tí omi ń dún gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́, wọ́n á ní èyí ló ní omi. Rárá o. Àgbọn tútù tí omi kún dẹ́nu kì í dún, kò sí àyè tí omi á ti máa sáré nínú rẹ̀. Èyí tó ń dún ti ń gbó, omi rẹ̀ ti ń dín kù. Ẹ tún wo adé rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ igi, kó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ẹ yí i po, kó má sí ibi tó sán, kó má sí ojú tó rọ̀ tó ń ṣomi, kó má sì hu bí búrẹ́dì tó pẹ́. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí o. Àgbọn kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni èèpo rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn, igi rẹ̀ kúkúrú, kì í ṣe pé ó ti gbó. Omi irú èyí a máa dùn gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, irú igi kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá gbìn, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló ti máa ń so, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ ká a fún ìgbà pípẹ́ kó tó ga. Èyí tó ga, ẹ ó gbin ín, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ kó tó so.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká là á.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ṣé èèpo ni a fẹ́ jẹ ni? Omi inú àgbọn mọ́ bí èèpo rẹ̀ bá ṣì dì, kò sí ọwọ́ tó kàn án rí. Ṣùgbọ́n àdá máa gba ara èèpo kọjá kó tó dé inú, ìdọ̀tí tó bá sì wà lára èèpo, àdá á gbé e wọlé. Àgbọn yẹn ti jókòó nínú ọkọ̀, ó ti jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣàn kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà nígbà òjò. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ pẹ̀lú. Omi tó wà lára èèpo ló gé ìka mi.

Ẹ wá mú òṣùká, ẹ rin ín díẹ̀ kó má máa sá lórí ilẹ̀, ẹ gbé e sí orí pátákó tàbí sí ilẹ̀ símẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ẹ gbé àgbọn jókòó lé òṣùká, kí ibi tó ti so mọ́ igi wà lókè. Bó ṣe ń jókòó lórí wa náà ló ṣe máa jókòó níbẹ̀, kò ní yí. Bí kò bá sí òṣùká, ẹnu odó náà dára, ẹ gbé e sẹ́nu odó tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mú. Ohun tí à ń wá ni pé kí àgbọn jókòó fúnra rẹ̀, kó má ṣe pé ọwọ́ wa ni ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ lò, tàbí àdá kékeré. Ọ̀bẹ kíkú ló léwu jù, torí agbára ni ẹ ó máa lò, ibi tó bá yọ̀ sí ni á lọ. Ẹ yọ adé kúrò. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ àgbọn mú nítòsí òṣùká, ẹ fi ọwọ́ kejì máa bẹ èèpo láti òkè wá sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ojú ọ̀bẹ máa lọ sí ọ̀dọ̀ ibi tí ọwọ́ yín kò sí. Ẹ yí àgbọn, ẹ tún bẹ̀. Bí ìgbà tí à ń bẹ iṣu ni, kì í ṣe bí ìgbà tí à ń gé igi. Ìyá ọkọ mi á máa bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò sẹ́ni tó ń fọn fèrè mọ́tò níbẹ̀.

Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ dé ibi líle tó di omi mú, èyí tí àwa ń pè ní igbá àgbọn, ẹ ó rí ojú mẹ́ta níbẹ̀. Gbogbo àgbọn ló ní ojú mẹ́ta, ní ìdí ibi tó ti so mọ́ igi. Méjì le, ọ̀kan rọ̀. Èyí tó rọ̀ yẹn ni ibi tí àgbọn ì bá gbà hù bí wọ́n bá gbìn ín. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tàbí ìṣó ńlá tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀ tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tó rọ̀. Ẹ fi tì í wọlé. Ẹ wá lu ihò kejì sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọmọ odó kékeré gbá ìṣó náà díẹ̀. Ihò kejì yẹn ni afẹ́fẹ́ á gbà wọlé. Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, omi á máa kán tó, tó, tó, ọmọ á ti sùn kí kọ́ọ̀pù tó kún. Ẹ yí i dà sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi asẹ́ sẹ́nu rẹ̀ kí ìdọ̀tí èèpo má wọ̀ ọ́. Ẹ ti gba omi nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbé àdá sókè.

Ẹran inú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn á mu omi tán, wọ́n á ju àgbọn nù. Bí ẹni ra ẹja jẹ ìrù rẹ̀ nìkan ni. Ẹ tún gbé àgbọn tó ti ṣófo sórí òṣùká. Ẹ gbé ojú àdá lé àárín rẹ̀, kó kàn jókòó síbẹ̀, ẹ má jù ú. Ẹ di èèkù àdá mú, ẹ wá fi igi tàbí ọmọ odó gbá ẹ̀yìn àdá náà, ko, ko, ko. Àdá á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí àgbọn á fi là sí méjì. Ọwọ́ tó di àdá mú kò sún mọ́ ojú àdá, kò sì sí ọwọ́ kankan lára àgbọn. Kí àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ má wá ṣíbí kiri, ẹ gé pẹlẹbẹ kan lára èèpo tí ẹ bẹ̀, òun ni ṣíbí. Ẹ fi fá a, á wá bí awọ ẹyin tó rọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi, wọ́n á dá ẹran náà padà sínú omi rẹ̀, wọ́n á fi sínú ìkòkò amọ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n. Èmi ń fi omi rẹ̀ rẹ gàrí. Ẹ má fi ṣúgà sí i o, ẹ dán an wò ná. Ọkọ mi tó jẹ́ pé ṣúgà kóró mẹ́fà ló ń jẹ gàrí, kò bèèrè ṣúgà lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ kó tutù, àgbọn ni kí ẹ kó sáàárín yìnyín nínú kúlà, ẹ má da yìnyín sínú omi àgbọn. Omi àgbọn mọ́, ta ló mọ omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín?

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Ó kan oníbàárà, ó sì kan àwa tí à ń tà á jù.

Oníbàárà mi kan, tíṣà ni, ra àgbọn márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bẹ èèpo ara rẹ̀ kúrò kó rọ òun lọ́rùn láti gbé, kí n má là á. Mo bẹ̀ ẹ́ funfun báláú. Ó kó o lọ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, iṣẹ́ gbà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ kẹfà ni ó rántí. Ó la ọ̀kan, omi yẹn kan, ó ń hó, ó sì ti gbé ife kan mì kí ó tó mọ̀. Òru ọjọ́ náà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, orí fífọ́. Ó wá bá mi lọ́jà, ó fi gbogbo ẹnu bú mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún dúpẹ́ pé ó lágbára láti wá bú mi.

Mo ní mo dúpẹ́, torí ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè Denmark kọ nípa ọkùnrin kan, ẹni ọdún 69, tó ra irú àgbọn tí wọ́n ti bẹ èèpo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, orí tábìlì ló gbé e sí fún nǹkan bí oṣù kan. Ó fi sitírọ́ọ̀ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó rí i pé kò dùn, ó dá a dúró. Ìgbà tí wọ́n la àgbọn náà, inú rẹ̀ ti ń yọ̀, ó ti jẹrà. Kò pé wákàtí márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó ń bì, nǹkan ń dàrú mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 26 tó dé ilé ìwòsàn, ó kú. Olú kékeré kan bí èyí tó ń hu lára búrẹ́dì ló ti wọ inú àgbọn, ó ti ṣe májèlé síbẹ̀. Irú májèlé kan náà ti pa àwọn èèyàn ní ilẹ̀ Ṣáínà rí nínú ìrèké tó ti hu. Ẹ̀yin onírèké, ẹ gbọ́ o.

N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, àìmọye àgbọn là ń mu láìsí wàhálà. Ohun tí mo ń sọ ni pé èèpo yẹn ni ilé àgbọn. Bí èèpo rẹ̀ bá pé, kó sì wà níbi tó tutù tí òòrùn kò dé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó má ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí a bá ti bẹ̀ ẹ́, a ti bọ́ aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ni kí a mu ún, àfi bí fíríìjì bá wà tí iná sì wà, kó má sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ìgbà tí a bá ti dá ihò sí i, ọjọ́ náà ni, bópẹ́bóyá ọjọ́ kejì nínú fíríìjì. Bí ẹ bá là á, tó ń hó, tó ń kan, tí omi rẹ̀ dàrú, tí ẹran rẹ̀ ń yọ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má tún un tọ́ wò. Àwa obìnrin, a fẹ́ràn kí a tún un tọ́ wò kí owó má baà ṣègbé.

Ẹ̀yin tí a jọ ń tà á, ẹ jẹ́ kí a má bẹ èèpo ogún àgbọn láàárọ̀ kí a tò ó sínú òòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń fa oníbàárà lójú, ó funfun, ó dùn-ún wò. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àti báàkẹ́tì omi tí a fi ń fọ ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, láti àárọ̀ ni, ó ti di ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ kàn báyìí. Ìyá wa kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òótọ́ ni pé omi àgbọn ń sọ ọmọ di òmùgọ̀. Wọ́n sọ fún èmi náà ní kékeré, wọ́n ní bí mo bá mu ún, n kò ní mọ ìwé. N kò mu ún, n kò sì mọ ìwé. Àwọn ọmọ etí òkun Àgbádárìgì ń mu ún láti kékeré, lọ́yà wà nínú wọn, dókítà wà nínú wọn. Kò sí òótọ́ níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé oògùn ni o. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kí ẹ fún un, ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, pẹ̀lú zinc, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Iyọ̀ inú omi àgbọn kò tó èyí tí ìgbẹ́ gbuuru ń fà kúrò lára ọmọ. Ẹ lè fún un kún un, ẹ má fi í rọ́pò ORS. Bákan náà ni ọmọ tó bá gbé kẹrosíìnì mì. Wọ́n á ní kí a fún un ní epo pupa, kí a fún un ní omi àgbọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ó bá bì í, kẹrosíìnì á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Àwa àgbà náà, ẹ̀yin tí dókítà sọ fún pé kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó máa mu ún. Ohun kan wà nínú omi àgbọn tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù. Èyí tó wà nínú kọ́ọ̀pù kan ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Ara tó le ń lò ó, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kò lè tú u dànù. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí òun náà ń dá potásíọ̀mù dúró sára, ẹ bèèrè pẹ̀lú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà inú rẹ̀ kéré sí ti mínírà dáadáa, àmọ́ ó wà níbẹ̀, kò yẹ kí a máa fi jọ́ọ̀gì mu ún.

Èèpo tó kù, ẹ sá a sóòrùn. Ó ń dáná, èéfín rẹ̀ sì ń lé ẹ̀fọn lálẹ́, ìta ni kí ẹ ti sun ún o, kì í ṣe inú yàrá tí ọmọ sùn sí.

Ẹ wò ó, Ìyálọ́jà ti ń wo aago, mo rí i. Mo kó àgbọn méjìlá wá, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, mo ti wẹ̀ wọ́n, mo ti nù wọ́n gbẹ. Ọ̀bẹ mú, mo pọ́n ọn láàárọ̀ yìí. Òṣùká méjì péré ni mo mú wá, ẹ̀yin tí tiyín wà nínú àpò, ẹ mú un jáde. Ìyá aláṣọ tó ní kò sọ́kùnrin nílé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó síbí. Ọwọ́ òsì yín, ẹ gbé e wálẹ̀, sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùká. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀.